Màmá Apòògùn Dáhùn: Abẹ́rẹ́ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ara Kọ Kíndìnrín Tuntun

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé lórí fífọ ẹ̀jẹ̀ ní abala yìí, ìbéèrè yín ti kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ti bọ́ sórí pípààrọ̀ kíndìnrín. Mo ka gbogbo lẹ́tà náà. Mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń fà: abẹ́rẹ́ áńtíbọ́dì (áńtíbọ́dì ni èròjà tí ara fi ń gbógun ti àjèjì) tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kíndìnrín, kí ara rẹ̀ má baà kọ̀ ọ́. Yàrá òògùn ilé ìwòsàn ni mo ti lo ayé iṣẹ́ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn alárùn kíndìnrín, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára gan-an. Mo ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọkọ mi ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti gbà láti fún un ní kíndìnrín kan, wọ́n sì ní ó bá a mu. Nínú ìwé ohun tí a máa rà, wọ́n kọ abẹ́rẹ́ basiliximab méjì sí i. Nígbà tí mo gbọ́ iye rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́. Àwọn ẹbí kan ní ọmọ ìyá rẹ̀ ló fẹ́ fún un, pé kò nílò abẹ́rẹ́ kankan. Àwọn mìíràn ní ká ra ẹyọ kan. Kí ni kí a ṣe? — Ìyàwó ilé kan, Bódìjà, Ìbàdàn

Ìyàwó wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìdúróti ọkọ yín. Ẹ má ra ẹyọ kan. Bí wọ́n bá kọ méjì, méjèèjì ló para pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan.

Bí kíndìnrín ẹlòmíràn bá wọ ara, ara kò mọ̀ pé ó wá ràn án lọ́wọ́ ni. Àjèjì ló rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dá àjèjì mọ̀, kí wọ́n sì bá a jà. Bí wọ́n bá ti kófìrí kíndìnrín náà, wọ́n á tú èròjà kan jáde tó ń jẹ́ interleukin-2, èyí tó ń ké sí àwọn ẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n máa pọ̀ sí i, kí ogun lè gbóná. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó máa gbọ́ ìpè gbọ́dọ̀ ní etí. Etí yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní CD25, basiliximab sì ni áńtíbọ́dì tí wọ́n ṣe láti lọ dí i. Ìpè ń dún, wọn kò gbọ́.

Fún àgbàlagbà, ìgò kan jẹ́ 20 miligíráàmù. Wọ́n máa ń fún un ní èyí àkọ́kọ́ láàárín wákàtí méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n á sì fún un ní èkejì ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀. Méjèèjì pọ̀ á dí etí náà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ewu pọ̀ jù, torí wọn kò tíì rí ìwọ̀n tacrolimus, òògùn ojoojúmọ́ tó ń dènà kíkọ̀, tó bá ara rẹ̀ mu. Ìgò kan ṣoṣo kò ní gbé e dé ibẹ̀. Ẹ̀tọ́ dókítà ni láti má fún un ní èkejì bí ara rẹ̀ bá kọ abẹ́rẹ́ náà tàbí bí nǹkan mìíràn bá yí padà. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí ẹbí fúnra wọn gé e kù.

Ní ti ọmọ ìyá, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn ẹbí sọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ilé ìwòsàn Peter Bent Brigham ní Boston, Dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n fi sára Richard tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì. Wọn kò fún Richard ní òògùn kankan tó ń dènà kíkọ̀, ó sì lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé. Inú ẹyin kan náà ni àwọn méjèèjì ti pín, nítorí náà ara Richard kò rí àjèjì kankan. Ọmọ ìyá lásán kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì ìdánimọ̀ kan wà lára sẹ́ẹ̀lì wa tó ń jẹ́ HLA. A gba ìdajì lọ́wọ́ bàbá, ìdajì lọ́wọ́ ìyá. Bí bàbá àti ìyá wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, ó lè bá a mu pátápátá, ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Ó lè bá a mu dé ìdajì. Ó sì lè má bá a mu rárá. Bí wọ́n bá wá sọ fún yín pé “ó bá a mu”, ẹ bi wọ́n pé irú bíbámu wo ni: ṣé irú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, àbí HLA? Bí HLA bá dọ́gba pátápátá, àwọn dókítà kan lè sọ pé kí wọ́n fo abẹ́rẹ́ yìí. Ẹnu wọn ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, kó má jẹ́ ní pàlọ̀ yín.

Ohun kan tún wà tí kì í wá sọ́kàn ẹbí láti sọ: iye ìgbà tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọkọ yín lára. Kíndìnrín tó bàjẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tó, torí náà ọ̀pọ̀ aláìsàn nílẹ̀ wa ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára léraléra. Ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn lè ti kọ́ ara rẹ̀ bí yóò ṣe bá HLA ẹlòmíràn jà, kí ara sì ti ṣe áńtíbọ́dì tirẹ̀ pamọ́. Oyún náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún obìnrin. Ẹ má jẹ́ kó dà rú mọ́ yín lójú: áńtíbọ́dì ni ara fi ń jagun, áńtíbọ́dì náà ni a fi ń dá a dúró. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, basiliximab lè má tó o, dókítà á sì ronú nípa èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára sílẹ̀, ẹ fún wọn.

Nípa rírà: inú fìríìjì ló gbọ́dọ̀ máa wà, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius, láti ilé iṣẹ́ títí dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti rí ẹbí tó gbé e wá nínú ọ̀rá dúdú pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà dídì tó ti yọ́ lójú ọ̀nà. Owó ńlá ti lọ, a kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí òògùn yẹn mọ́. Bí ilé ìwòsàn bá lè bá yín rà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n rà á. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá máa rà á, ọwọ́ apòògùn tó lè fi nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tó máa kú àti fìríìjì tó ń gbé e sí hàn yín ni kí ẹ ti rà á. Ẹ gbé kúlà lọ. Ẹ má rà á sílẹ̀ nílé ní ìpalẹ̀mọ́ oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe.

Èyí tó ń dùn mí jù kù. Abẹ́rẹ́ méjì yìí kò rọ́pò òògùn ojoojúmọ́. Tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone ni ọkọ yín yóò máa lò lẹ́yìn náà, kì í ṣe fún oṣù mẹ́ta, fún gbogbo ìgbà tí kíndìnrín náà bá wà. Mo ti rí àwọn tó ta mọ́tò láti ra abẹ́rẹ́, tí owó òògùn sì tán lọ́wọ́ wọn kí ọdún tó yípo, tí kíndìnrín tí ọmọ ìyá wọn fún wọn sì kú. Bí ẹ bá ṣírò owó tí ẹ sì rí i pé abẹ́rẹ́ yóò jẹ owó òògùn, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó gbé ọkọ yín wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n lè yí ètò padà nígbà yẹn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ wọn á ti di.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. London ni mo wà, ní Peckham. Mo gba kíndìnrín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, basiliximab ni wọ́n sì fún mi. Òyìnbó tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì gba èyí tí wọ́n ń fi ehoro ṣe, nọ́ọ̀sì sì sọ níṣojú mi pé ìyẹn lágbára jù. Nígbà tó yá, mo tún rí i pé tacrolimus tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tirẹ̀. Ṣé torí pé mo jẹ́ adúláwọ̀ ni? — Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan

Arákùnrin wa, ẹ kú oríire ti kíndìnrín tuntun. Ìbéèrè méjì lẹ bèèrè, ìdáhùn wọn kò sì dọ́gba.

Ti abẹ́rẹ́ náà kọ́kọ́. Ní ọdún 2017, NICE, àjọ tó ń sọ òògùn tó yẹ kí NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa lò, ní kí wọ́n máa lo basiliximab fún àgbàlagbà tó ń gba kíndìnrín. Kò fi ti ehoro sínú ohun tí gbogbo ènìyàn máa fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ gbà ni ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ ń gbà. Tí wọ́n bá fún ẹnìkan ní ti ehoro, ó lè jẹ́ pé áńtíbọ́dì ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí pé ó ti gba kíndìnrín kan rí tí ara rẹ̀ sì kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin àti èmi kò mọ ìwé ìtọ́jú ọkùnrin yẹn.

Iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Basiliximab kì í pa sẹ́ẹ̀lì T. Ti ehoro, tí wọ́n ń pè ní ATG, máa ń pa wọ́n dànù: wọ́n á fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀yà ara ènìyàn tí wọ́n ń pè ní thymus gún ehoro lábẹ́rẹ́, ara ehoro á ṣe áńtíbọ́dì lòdì sí i, wọ́n á wá gba áńtíbọ́dì yẹn láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá máa ń kọ ohun tó ti ara ehoro wá kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 fi méjèèjì wé ara lára àwọn 278 tí ewu kíkọ̀ wọn pọ̀. Láàárín ọdún kan, kíkọ̀ gbígbóná, ìyẹn kí ara dìde sí kíndìnrín náà lójijì, ṣẹlẹ̀ sí 15.6 nínú 100 àwọn tó gba ti ehoro, ó sì ṣẹlẹ̀ sí 25.5 nínú 100 àwọn tó gba basiliximab. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ti ehoro kó àrùn jù: 85.7 sí 75.2 nínú 100. Iye àwọn tó kú tàbí tí kíndìnrín wọn kú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Irú ìdíyelé yìí ni dókítà ń ṣe. Èyí tó le jù kì í ṣe èyí tó dára jù fún gbogbo ara.

Ní ilẹ̀ tí ẹ wà gan-an ni wọ́n ti ṣe ìwádìí 3C, tó jáde ní 2014, pẹ̀lú ènìyàn 852. Wọ́n fi basiliximab wé alemtuzumab, áńtíbọ́dì kan tó wá láti Cambridge. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara 7 nínú 100 ló ti gbìyànjú láti kọ kíndìnrín lápá alemtuzumab, 16 nínú 100 lápá kejì, àkóràn tó le kò sì pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi fúnra mi ka èyí sí ìròyìn ayọ̀, mo sì ń retí ohun tí ọjọ́ pípẹ́ máa sọ nípa rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ ehoro, eku, ẹṣin, wọ́n sì ń bẹ̀rù. Ní 1975, ní Cambridge, Georges Köhler àti César Milstein rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣe áńtíbọ́dì kan ṣoṣo, irú kan náà, lọ́pọ̀ yanturu láti ara sẹ́ẹ̀lì eku. Ní 1986, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí OKT3, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ènìyàn gbà gẹ́gẹ́ bí òògùn, fún ara tó ń kọ kíndìnrín. Ti eku pátápátá ni. Ìgò àkọ́kọ́ a máa gbé ibà àti ìgbọ̀nrìrì dé, èémí àwọn mìíràn a sì máa há. Ara a tún máa bá áńtíbọ́dì eku náà fúnra rẹ̀ jà. Wọn kò ṣe é mọ́. Basiliximab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998, ti di ti ènìyàn ní apá tó pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbà á láìmọ nǹkan kan lára.

Ti tacrolimus wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìran yín kàn án lóòótọ́, ó sì jẹ́ fún àǹfààní yín. Èròjà kan wà nínú ìfun àti ẹ̀dọ̀ tó ń jẹ́ CYP3A5, òun ló ń fọ́ tacrolimus. Lára ọ̀pọ̀ òyìnbó, kì í ṣiṣẹ́. Lára ọ̀pọ̀ Yorùbá, ó ń ṣiṣẹ́ kíkan. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ lò fún iṣẹ́ HapMap, ìwádìí lórí àbùdá oríṣiríṣi ẹ̀yà ènìyàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, nítorí náà ohun tí wọ́n wò lára wa gan-an ni mo ń sọ. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwọ̀n òyìnbó, ara yín á ti fọ́ ọ tán kó tó dáàbò bo kíndìnrín. Ìlànà àwọn onímọ̀ ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ara bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni fi iye káńsù wéra. Iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ máa bèèrè. Ní àárọ̀ àyẹ̀wò, ẹ má gbé òògùn mì kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ gbé e dání lọ.

Màmá, mo kí yín láti Abẹ́òkúta. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti gba kíndìnrín. Àbúrò mi tó wà ní Atlanta sọ pé ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń gba dírípù lóṣooṣù, kò sì lo tacrolimus mọ́. Owó òògùn ń wọ̀ mí lọ́rùn. Ṣé kí n wá èyí? Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní àgbo kan wà tó ń fọ kíndìnrín. — Olùkọ́ kan

Tíṣà wa, òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Belatacept ni òògùn náà, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, ilé ẹ̀kọ́ gíga Emory ní Atlanta sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe áńtíbọ́dì gan-an, ìbátan rẹ̀ ni: prótéènì kan tí wọ́n so mọ́ ìdí áńtíbọ́dì. Sẹ́ẹ̀lì T nílò àmì méjì kó tó dìde ogun; belatacept kì í jẹ́ kí èkejì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé tacrolimus, bó ti wúlò tó, máa ń ba kíndìnrín náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, belatacept kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àbájáde ọdún méje tó jáde ní 2016, wọ́n fi wé cyclosporine, òògùn àtijọ́ tó jẹ́ ẹgbẹ́ tacrolimus, ewu ikú tàbí pípàdánù kíndìnrín sì dín ní 43 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkọ̀ gbígbóná pọ̀ sí i ní ọdún àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Ẹni tó ń gbà á ṣì ń gbé mycophenolate àti prednisolone mì. Dírípù náà gbọ́dọ̀ máa wáyé lóṣooṣù láìyẹ̀, ní ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe; bí oṣù kan bá fò, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ á dín kù gan-an. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò tíì ní kòkòrò Epstein-Barr rí, torí ó lè fa jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì funfun, àní nínú ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ti ní kòkòrò náà láti kékeré, àmọ́ àyẹ̀wò ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìméfò. Kì í ṣe ọ̀nà àtidín owó kù rárá. Ohun tó lè dín owó yín kù ni kí ẹ bi dókítà bóyá tacrolimus ilé iṣẹ́ mìíràn wà tó dín lówó tó sì ṣeé fọkàn tán, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lẹ́yìn tí ẹ bá yí i padà. Ẹ má yí i padà fúnra yín ní káúńtà.

Àgbo: rárá. Mo bọ̀wọ̀ fún ewé àti egbò, ìyá mi ta á. Ṣùgbọ́n tacrolimus jẹ́ òògùn tí nǹkan kékeré máa ń dà láàmú. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife máa ń lé e kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Clarithromycin àti fluconazole máa ń mú un pọ̀ débi ìpalára. Èso grapefruit náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú ìgò àgbo, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó máa tì í sí. Bí ibà bá sì mú yín, ẹ má kàn ra òògùn ibà ní kẹ́míìsì kí ẹ sùn. Ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú yín lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, bí ti ibà pọ́njú, ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà á mọ́, kódà bí wọ́n bá bèèrè káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ yín ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kíndìnrín. Ṣé èmi náà máa gba abẹ́rẹ́ yìí, ṣé mo sì máa lo òògùn títí ayé? — Ọmọkùnrin kan, Òṣogbo

Rárá, ọmọ mi. Kò sí àjèjì nínú ara tìrẹ, kò sí ohun tí ara rẹ máa kọ̀. Òògùn ìrora àti ìtọ́jú ojú abẹ ni tìrẹ. Ṣùgbọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ rẹ wò lọ́dọọdún títí ayé rẹ, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Bí wọ́n bá tún pè ọ́ wá fún ẹ̀jẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ abẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, má bínú. Wọ́n fẹ́ da ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ láti wò ó bóyá ara rẹ̀ ti ní áńtíbọ́dì sí ọ. Bó bá ti bímọ rí, ìdí tún pọ̀ sí i.

Kí o tó fọwọ́ sí ìwé, bèèrè ohun tó ba kíndìnrín ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ gan-an. Ní ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé ìyàtọ̀ méjì lára àbùdá kan tó ń jẹ́ APOL1, tó wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín Yorùbá, máa ń mú kí àrùn kíndìnrín rọrùn láti wọlé fún ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Àbúrò ẹni tó ní i lè ní i pẹ̀lú. Ní kí dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ, kí ó sì sọ bóyá àyẹ̀wò rẹ̀ wà ní ibi tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú. Bèèrè rẹ̀ níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ, kí òun náà gbọ́ ìdáhùn.